Ìka Kò Dọ́gba, Ta Ni Ó Wọ̀n Wọ́n?

Kò sí òwe tí àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn tó èyí tí ó sọ pé ìka kò dọ́gba. Bí òṣìṣẹ́ bá ní owó oṣù òun kò tó jẹun, wọn a ní ìka kò dọ́gba. Bí ayálégbé bá ní òrùlé ń jò sí òun lórí, wọn a ní ìka kò dọ́gba. Òwe náà a wá dà bí òfin tí ó já bọ́ láti ọ̀run, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi léèrè ibi tí ó ti wá. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé ẹni tí ó bá ń fi òwe yìí pín owó fún ènìyàn kò tíì ronú dé ibi ìdájọ́ òdodo. Ó ti sáré dé ìparí ọ̀rọ̀ kí ó tó wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó wọ̀n wọ́n? Nígbà wo ni ó wọ̀n wọ́n? Kí ni ó fi wọ̀n wọ́n? Ǹjẹ́ ẹni tí ó wọ̀n wọ́n tilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wà?

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú pín ọ̀nà tí ọmọ aráyé ń gbà fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ sí méjì pàtàkì. Èkíní ni èyí tí mo fẹ́ máa pè ní ìrònú asọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ń lò ó a kọ́kọ́ fi ìlànà gbogbogbòò lélẹ̀, a sì ti orí ìlànà náà sọ̀kalẹ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ san án; Àjàyí jẹ gbèsè; nítorí náà, Àjàyí gbọ́dọ̀ san án. Bí gbólóhùn méjèèjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí ìkẹta ṣe lè jẹ́ irọ́. Èkejì ni ìrònú agòkè. Ẹni tí ó ń lo èyí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó gbin àgbàdo sí àkùrọ̀ ní èṣí, ó ṣe dáadáa. Ó gbìn ín sí ibẹ̀ ní ọdún yìí, ó tún ṣe dáadáa. Ó wo ti aládùúgbò rẹ̀, bákan náà ni. Láti ibẹ̀ ni ó ti gòkè lọ sórí ìlànà pé àkùrọ̀ gba àgbàdo. Agbára ìrònú asọ̀kalẹ̀ ni pé ó dájú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè fún wa ní ju ohun tí a ti kó sínú ìlànà rẹ̀ lọ. Agbára ìrònú agòkè ni pé ó ń kọ́ wa ní ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé àkùrọ̀ ọdún tí ń bọ̀ lè já wa kulẹ̀.

Àwọn kan wà nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n máa ń sọ pé ìrònú agòkè nìkan ni àwọn baba wa mọ̀. Pé wọ́n rí nǹkan, wọ́n sì sọ ọ́ di òwe, ṣùgbọ́n wọn kò lè ti orí ìlànà ronú sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lóòótọ́, ìrònú agòkè ni ó bí òwe. Kí àgbà kan tó sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ojú rẹ̀ ti ní láti rí àgbà mélòó kan tí ó jẹun tí kò ṣẹ́ ẹ kù fún ọmọdé, tí ọmọdé sì kọ̀ láti bá a gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé òwe náà dé ibi ìdájọ́, ó ti di ìlànà. Láti orí rẹ̀ ni a ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sórí ẹjọ́ tí a ń dá. Àkàbà ni òwe: ìrònú kan ń bá a gòkè, ìrònú kejì ń bá a sọ̀kalẹ̀.

Ohun mìíràn sì wà tí àwọn tí ń fi ‘ìka kò dọ́gba’ pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́ kò rántí. Níwájú àwọn àgbà, òwe kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́. Bí ẹnì kan bá pa òwe, ẹnì kejì ní ẹ̀tọ́ láti fi òwe mìíràn dá a lóhùn. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ìka kò dọ́gba, èmi náà lè sọ fún yín pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Níbi tí òwe méjì bá ti kọlu ara wọn, àwọn àgbà kì í wo èyí tí ó dùn létí jù. Wọn a ní kí a pe ẹlẹ́rìí. Wọn a ní kí a lọ wo ààlà oko náà. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ pé ìlànà lè fani síwá, kí òmíràn fani sẹ́yìn, àti pé ilẹ̀ ni a ó ti mú ohun tí yóò là wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà tí a ń gbà pín ogún ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n Yorùbá nípa pínpín ọrọ̀ ti hàn jù. Ìlànà méjì ni a mọ̀: ìdí-igi àti orí-òjorí. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé ni a fi ń pín ogún. Nínú orí-òjorí, iye orí àwọn ọmọ ni. Baálé ilé kan kú ní Èkó ní ọdún 1940, ó fi ọmọ 9 láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4 sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin bí a bá tẹ̀ lé ìdí-igi. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni yóò kàn án bí a bá tẹ̀ lé orí-òjorí. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ tí àwọn amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ rò pé orí-òjorí ni ó bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí pé ọmọ ni gbogbo wọn. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 1958, ẹjọ́ náà sì dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ fara mọ́ ọn pé ìdí-igi ṣì ni àṣà tí ó fìdí múlẹ̀, àti pé orí-òjorí wà fún ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni yóò mú àlàáfíà wá. Wọ́n tún sọ ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: ohun tí a kà sí ẹ̀tọ́ ní ìlú oníyàwó kan, a kò lè gbé e wá fi dá ilé olóbìnrin púpọ̀ lẹ́jọ́ láìwo bí ilé náà ṣe rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni èyí: àwọn baba wa kò fi ìlànà kan ṣoṣo há ara wọn mọ́. Wọ́n ní ìlànà, wọ́n sì ní ọ̀nà àbáyọ tí ẹ̀rí lè gbà wọlé bí ìlànà bá fẹ́ da ilé rú. Ìwà ọgbọ́n yìí gan-an ni mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí n kò rí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ogún, kí a bọ́ sórí owó iṣẹ́, kí a sì lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá mọ GRA Ìkẹjà mọ̀ pé ibùgbé tí ìjọba àwọn òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àgbà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ilé jìnnà sí ilé níbẹ̀, igi sì ń ṣíji bo ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn òpópó rẹ̀ ń jẹ́ Ṣóbọ̀ Aróbíodu, orúkọ akéwì Ẹ̀gbá tí gbogbo àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá kò lè gbàgbé. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sùn sí GRA. Agége ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje ń sùn nínú yàrá kan. Iṣẹ́ gbígbà ṣe kì í sì í ṣe àjòjì ní Agége. Kí ilé-iṣẹ́ tó dé ni àwọn alágbàṣe ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àti obì àwọn àgbẹ̀ ńlá bíi J. K. Coker ti Ìfàkọ̀, àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi ara wọn níbẹ̀ pé èló ni ó tọ́ sí ẹni tí ó fi òógùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ogun abẹ́lé wa parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ìgbà ogun ti gbé owó oúnjẹ àti owó ilé gun òkè, owó oṣù kò sì bá a lọ. Ní ọdún náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ owó oṣù wò. Olóyè Simeon Adébọ̀ ni alága rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì ti ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìgbìmọ̀ náà gba ìwé, wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn, wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé ìyà àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ti kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà, pé ohun tí ó sì ń dá kún un ni ìnákúnàá àwọn kan tí a kò mọ ibi tí owó wọn ti ń wá. Ní ìparí ọdún 1970, wọ́n dábàá pé kí a kọ́kọ́ fún àwọn tí owó wọn kéré ní owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n-gógó ọjà. Ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀, àlàyé kan sì jáde: ilé-iṣẹ́ tí ó bá ti fi kún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 1964 kò ní láti san owó náà.

Ẹ wo bí ìrònú yìí ṣe gún régé tó. Ẹni tí a bá ti fi kún owó rẹ̀ láti 1964, a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀wọ́n-gógó. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà wà lára àwọn tí a ti fi kún owó wọn. Nítorí náà, a kò jẹ wọ́n ní ohunkóhun. Kò sí olùkọ́ tí yóò fi àmì òdo sí i. Ìrìn rẹ̀ kò yẹ̀. Ibi tí ó ti gbéra ni kò dára. Ta ni ó sọ pé àfikún owó tí ó wáyé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ti kún ihò tí ogun gbẹ́? Kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà Agége lọ bi í. Orí tábìlì ni wọ́n ti rí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà ni wọ́n rìn dé ibẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Òfin ológun ọdún 1968 àti ti ọdún 1969 ti sọ ìyanṣẹ́lódì di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn ni wọ́n ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, títí ìjọba fi yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí a yọ sílẹ̀ yìí. Onímọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Adrian Peace, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1979. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ariwo lásán ni ìyanṣẹ́lódì, ẹ farabalẹ̀ wo ìrònú tí ó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan jẹ́ agòkè: iye tí a ń ra gààrí tẹ́lẹ̀ nìyí, iye tí a ń rà á báyìí nìyí, iye owó yàrá nìyí, iye tí ó kù kí oṣù tó parí nìyí, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilé mi, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilé ẹni tí ó dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ kejì jẹ́ asọ̀kalẹ̀: àwọn tí wọ́n bá ń ná ọjà kan náà lábẹ́ ọ̀wọ́n-gógó kan náà gbọ́dọ̀ gba ìrànwọ́ kan náà; òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ń gbé yàrá kejì sí mi gbà á; nítorí náà, ó tọ́ sí èmi náà. Ìlànà àti ẹ̀rí pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò lọ sí yunifásítì ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn tí ó lọ, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àti fún àwọn agbanisíṣẹ́, ni wọ́n mú ọ̀kan tí wọ́n sọ èkejì nù.

Ní ọdún 1971 kan náà, John Rawls, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ A Theory of Justice jáde. Ó ní kí a fojú inú wò ó pé gbogbo wa péjọ láti ṣe òfin ìlú, ṣùgbọ́n aṣọ ìbòjú kan wà níwájú wa tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ipò tí yóò bá ara rẹ̀. Kí n túmọ̀ rẹ̀ sí ti ilé wa: ẹ kò mọ̀ bóyá òpópó Ṣóbọ̀ Aróbíodu ni ẹ ó ti jí lọ́la tàbí yàrá kan ní Agége. Irú òfin owó iṣẹ́ wo ni ẹ ó ṣe? Rawls ti ibẹ̀ ronú sọ̀kalẹ̀ dé orí ìlànà pé a kò gbọdọ̀ gba àìdọ́gba láàyè àfi bí ó bá ṣe ẹni tí ó kéré jù lọ ní àǹfààní. Ṣùgbọ́n kò fi ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ láìdán an wò. Ó ní a gbọ́dọ̀ máa gbé e ka iwájú ìdájọ́ tí ọkàn wa ti gbà, kí a máa fi ọ̀kan tún èkejì ṣe títí wọn yóò fi bá ara wọn mu.

Ní ọdún 1974, Robert Nozick dá a lóhùn pé ohun tí a bá gbà lọ́nà ẹ̀tọ́, tí a sì fi ìfẹ́ inú ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ohun yòówù tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni òdodo. Èyí ni ìlànà tí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ọjà wa fẹ́ràn jù. Mo rántí ìpàdé kan ní GRA Ìkẹjà tí ẹ̀gbọ́n kan, àgbà onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti sọ fún mi pé, ‘Àbúrò, owó tí ọjà bá dá ni owó òdodo, kò sí ẹni tí ó fi ìbọn mú wọn wá síbi iṣẹ́.’ Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ebi ńkọ́? Ṣé òun kì í mú ènìyàn?’ Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò fún mi lésì. Nozick fúnra rẹ̀ gbà pé bí a bá ti gba nǹkan lọ́nà èrú níbẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá a gba nǹkan lọ́nà èrú, ìwádìí ni a ó ṣe, ìrònú agòkè ni. Àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ búra kì í ka ibẹ̀ yẹn sókè.

Adam Smith tí gbogbo wọn ń pè ní baba ìmọ̀ ọrọ̀-ajé gan-an mọ èyí. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1776, ó sọ pé ènìyàn lè wà láàyè láìní ẹ̀wù aṣọ ọ̀gbọ̀, ṣùgbọ́n pé ní ìgbà tirẹ̀, ojú yóò ti lébìrà ọmọlúàbí láti jáde sí gbangba láìsí i. Nítorí náà, ó wà lára ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Kí ni Smith fi mọ̀? Kì í ṣe ìlànà ni ó sọ fún un. Ó wo àwọn ènìyàn. Yorùbá tí ó ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, kò ní kí a dúró lórí ebi títí ayé. Òun náà ni ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ibi tí ebi parí sí, tí ẹ̀sín sì bẹ̀rẹ̀, a kò lè mọ̀ ọ́n láti orí àga. A gbọ́dọ̀ béèrè.

Mo mọ àwọn àtakò tí yóò dìde. Èkíní ni pé ìrònú agòkè kò lè sọ ohun tí ó tọ́ fún wa, àfi ohun tí ó wà. Òótọ́ ni, n kò sì sá fún un. Bí a bá ka ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tí wọn kò sì kú, kò fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Àwọn kan ti gba ọ̀nà yìí rẹ́ni jẹ: wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti ń fi iye báyìí gbé e títí di òní, nítorí náà iye náà tó o. Mo kórìíra ìrònú yìí bí mo ṣe kórìíra ti èkíní. Ẹ̀rí kì í gba ipò ìlànà. Iṣẹ́ ẹ̀rí ni láti sọ ohun tí ìlànà ń ṣe sí ènìyàn fún wa.

Àtakò kejì ni pé agbanisíṣẹ́ kò lè san ohun tí kò ní. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyínká Morgan yẹ owó oṣù wò ní ọdún 1963 sí 1964, wọ́n kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ìdílé òṣìṣẹ́ nílò láti gbé bí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù nítorí agbára ọrọ̀-ajé, wọ́n sì dábàá pọ́n-ùn 12 lóṣù fún Èkó. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti oṣù kẹfà ọdún 1964, pọ́n-ùn 10 ni wọ́n fẹnu kò sí. N kò sọ pé agbára agbanisíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ‘kò lè san án’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, kì í ṣe ìlànà. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ṣe ṣí ìkòkò tirẹ̀.

Àtakò kẹta ni pé bí owó iṣẹ́ bá lọ sókè, ilé-iṣẹ́ yóò kú. Ẹ jẹ́ kí a bi Ìkẹjà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró níbẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà kò ju ₦5,500 lọ, láti ọdún 2000 ni ó sì ti wà bẹ́ẹ̀. Ọdún 2011 ni ó tó di ₦18,000. Ẹkún iná mànàmáná tí kò sí àti owó bodè tí a dín kù lórí táyà òkèèrè ni a ń gbọ́ nígbà náà. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe òfin, èmi tí mo kọ nípa ìrònú agòkè kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ó tó. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi bi ẹni tí ó ń sọ pé owó òṣìṣẹ́ nìkan ni í pa ilé-iṣẹ́ pé kí ó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ. Ní ọdún 2024, nígbà tí a tún gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ka orí tábìlì, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣírò ohun tí ìdílé ẹni 6 nílò, wọ́n sì béèrè ₦615,000. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦48,000. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦494,000, lẹ́yìn náà sí ₦250,000. Ìjọba gòkè díẹ̀díẹ̀ dé ₦62,000. Àwọn gómìnà ní ₦60,000 pàápàá ti pọ̀ jù fún àwọn. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, ₦70,000 di òfin. Mo bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: nígbà tí ₦615,000 di ₦250,000, oúnjẹ wo ni a yọ kúrò nínú ìkòkò? Ọmọ wo nínú mẹ́rin ni a ní kí ó má lọ sí ilé-ìwé mọ́? Nígbà tí ₦48,000 di ₦70,000, ìlànà òdodo wo ni ó ti í gòkè? Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa. Kò sí ìrònú asọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ìrònú agòkè. Ọjà ni wọ́n ń ná, bí ẹni ń ná aṣọ ní Òṣòdì, ẹni tí wọ́n sì ń ná iye rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Òfin ọdún 2024 ní kí a máa tún owó yìí yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà yẹn yóò dé. Kí ó tó dé, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó kọ́kọ́ kọ ìlànà òdodo rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kí ó tó dárúkọ iye owó kankan, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Èkejì, kí wọ́n rán ènìyàn lọ sí Agége, sí Mushin, sí Àbá, sí Kánò, kí wọ́n lọ ka owó yàrá, owó ọkọ̀, owó gààrí, kí wọ́n sì kà á ní èdè tí ẹni tí ń rà á ń sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé sí ìgbìmọ̀. Ìyá tí ń ta ẹ̀wà ní ẹ̀bá ojú irin, tí ó mọ ọjọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ dẹ́kun ríra ẹran sí i, kò lè kọ ọ́. Ẹ̀rí tí a kò gbọ́ nítorí èdè jẹ́ ẹ̀rí tí a jí. Ẹ̀kẹta, níbi tí ìlànà àti ìkòkò bá ti kọlu ara wọn, kí ìlànà ni a kọ́kọ́ pè wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gun ọ̀pẹ, dandan ni kí ó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò sì gùn ún rí kò ní ẹyìn tí yóò gbé sọ̀kalẹ̀. Àwọn tí ń ṣe òfin owó wa ti pẹ́ lórí ọ̀pẹ tí ẹlòmíràn gùn. Bí wọ́n bá tún wí fún wa pé ìka kò dọ́gba, kí a fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọn yóò fi dá wa lóhùn.